Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọjọ́ Àìkú Kan Wo Mysuru, Ìlú Ọba ní Gúúsù Íńdíà

Bengaluru ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó bá dé gúúsù Íńdíà ń gbé. Àwọn kan wá kàwé, àwọn kan gbé aláìsàn wá sí ọsibítù, àwọn mìíràn wá ṣòwò. Bí ọjọ́ ìsinmi kan bá yọ, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìlú yẹn sì ti sú yín, Mysuru ni kí ẹ gbà lọ. Ó tó nǹkan bí 145 kìlómítà sí Bengaluru, níhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Mysore ni wọ́n ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí i padà ní 2014, nítorí náà orúkọ méjèèjì ni ẹ ó máa rí lára pátákó. Ìdílé Wadiyar, tí wọ́n tún ń kọ ní Wodeyar, ló ń jọba níbẹ̀ láti 1399 títí Íńdíà fi gba òmìnira ní 1947, àfi nǹkan bí ogójì ọdún tí Hyder Ali àti Tipu Sultan ọmọ rẹ̀ fi gba agbára mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ohun tó máa ń ba ìrìn yìí jẹ́ ni kí èèyàn fẹ́ rí gbogbo nǹkan. Àwọn oníbọ́ọ̀sì tó ń kó àlejò kiri máa ń to ibi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án sórí ìwé kan, inú bọ́ọ̀sì ni ẹ ó sì ti lo ọjọ́ yín tán. Ní tèmi, ibi mẹ́ta tó: òkè, ààfin àti ọjà, kí ẹ wá fi iná alẹ́ kádìí rẹ̀. Bí ẹ ṣe tò wọ́n tẹ̀ léra ló ṣe kókó, torí ilé òrìṣà orí òkè máa ń tì lọ́sàn-án, ààfin kì í gba àlejò mọ́ lẹ́yìn aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, aago méje sì ni iná ń tàn.

1. Ẹ mú ọjọ́ Àìkú

Gbogbo ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni wọ́n máa ń tan iná ààfin lálẹ́, láti aago méje fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Gílóòbù tó sún mọ́ 100,000 ni wọ́n so mọ́ ara ilé náà. Ẹni tó bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ á rí ààfin lọ́sàn-án, àmọ́ èyí tó dùn jù nínú ìrìn náà ti fò ó.

Àléébù ọjọ́ Àìkú ni pé èrò máa ń pọ̀, ilé iṣẹ́ tí ìjọba ti ń hun aṣọ ṣẹ́dà, ní ojú ọ̀nà Mananthavadi, sì máa ń wà ní títì. Ọba Krishnaraja Wodeyar kẹrin ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1912. Ẹni tí ọ̀rọ̀ aṣọ ń jẹ lọ́kàn ju iná lọ, kó lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, kó lọ wo bí wọ́n ṣe ń hun sárì, kó sì gbàgbé iná. Ẹni tó kàn fẹ́ rà kò nílò àtidé ilé iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù wọn wà nígboro.

Láti oṣù Ọ̀wàrà títí dé oṣù Èrèlé ni ojú ọjọ́ dáa jù. Oòrùn oṣù Igbe máa ń mú, òjò sì máa ń yọ èèyàn lẹ́nu láti oṣù Òkúdù lọ. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ tàbí Ọ̀wàrà ni wọ́n ń ṣe ọdún Dasara, ọdún ọlọ́jọ́ mẹ́wàá tí ìdílé ọba yìí ti ń ṣe láti 1610. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, erin kan á gbé àga wúrà tí wọ́n ní ó wúwo tó nǹkan bí 750 kìlógíráàmù, ère òrìṣà Chamundeshwari á jókòó sórí rẹ̀, wọ́n á sì tò jáde láti ààfin dé pápá Bannimantap. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń lọ wò ká padà lọ́jọ́ kan náà, torí wọ́n máa ń dí títì, ẹsẹ̀ kì í sì í gbèrò. Ẹni tó bá fẹ́ wo Dasara, kó wá ibi tó máa sùn, kó sì tètè wá a.

2. Ẹ kúrò ní Bengaluru kí ilẹ̀ tó mọ́

Rélùwéè tó lẹ́wà jù lójú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń pè ní Vande Bharat. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹwà rẹ̀ tàn yín. Chennai ló ti ń bọ̀ láàárọ̀, aago mẹ́wàá á sì ti kọjá kó tó gbéra ní Bengaluru. Ẹni tó bá dúró dè é, ọ̀sán gangan ló máa dé Mysuru. Àwọn rélùwéè mìíràn wà tó ń lọ ní ìdájí láti ibùdókọ̀ KSR, èyí tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Majestic, owó wọn kò sì wọ́n, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú.

Èmi fara mọ́ bọ́ọ̀sì ìjọba, KSRTC. Ẹ lọ sí gáréèjì Satellite tó wà ní ojú ọ̀nà Mysuru, kí ẹ dé ibẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Kò sí pé ẹ ń dúró pẹ́, bí ọ̀kan ṣe ń lọ ni òmíràn ń kún. Èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni Airavat, owó rẹ̀ fi díẹ̀ ga ju ti bọ́ọ̀sì pupa lásán lọ, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Láti 2023 tí wọ́n ti ṣí títì márosẹ̀ tuntun, wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ẹ ó fi jáde kúrò nínú Bengaluru fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá tó mẹ́rin, mọ́tò háyà lè dín owó kù. Ẹ bá awakọ̀ dúnàádúrà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: epo, owó ẹnubodè títì, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti oúnjẹ rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ kò bá dárúkọ láàárọ̀, ẹ ó san án lálẹ́.

Kí ẹ tó dé Mysuru, ó ku nǹkan bí 15 kìlómítà, ẹ ó kọjá lára Srirangapatna, erékùṣù kan láàárín odò Kaveri. Ibẹ̀ ni Tipu Sultan fi ṣe olú ìlú, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pa á sí ní ọjọ́ 4 oṣù Ẹ̀bìbí, 1799. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì gbé ọmọdé kan nínú ìdílé Wadiyar, tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, gorí ìtẹ́, olú ìlú sì padà sí Mysuru. Àwọn tó gba mọ́tò lè yà wo Daria Daulat, ààfin onígi tí Tipu kọ́ sínú ọgbà ní 1784. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ máa lọ.

3. Òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn

Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ béèrè ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ìgboro, èyí tó wà nítòsí ààfin. Bọ́ọ̀sì 201 ló ń lọ sórí òkè Chamundi. Bí oníkẹ̀kẹ́ Maruwa kan bá sọ fún yín pé bọ́ọ̀sì kò lọ lónìí, tàbí pé ààfin tì, tàbí pé ọjà ńlá kan wà tí wọ́n ń ná lónìí nìkan, ẹ dá a lóhùn pé “beda”, ìyẹn “mi ò fẹ́” lédè Kannada wọn, kí ẹ sì máa rìn lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti máa fún un lówó orí yín ló fẹ́ gbé yín lọ.

Òkè náà ga ju 1,000 mítà lọ láti ojú òkun. Chamundeshwari tí ilé rẹ̀ wà lókè ni òrìṣà ìdílé ọba. Ìtàn wọn sọ pé òun ló pa Mahishasura, iwin olórí ẹfọ̀n tó ń yọ aráyé lẹ́nu, ère iwin náà sì wà ní gbangba nítòsí ibùdókọ̀: ó mú idà lọ́wọ́ kan, ó di ejò mú lọ́wọ́ kejì, wọ́n kùn ún ní oríṣiríṣi ọ̀dà. Kò sí àlejò tí kì í yà fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ ó bọ́ bàtà kí ẹ tó wọlé òrìṣà. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, torí òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbóná bí oòrùn bá ti yọ. Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún. Ìlà méjì ló máa ń wà, ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, èkejì fún ẹni tó bá fẹ́ sanwó kó tètè wọlé, lọ́jọ́ Àìkú ẹ má ṣahun, ẹ san án. A kì í ya fọ́tò nínú ibi mímọ́ wọn. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà á láyè láti wọlé òrìṣà, kò sóhun tó kù díẹ̀ káàtó. Kó dúró sí ìta, kó wo ilé gogoro alájà méje tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó sì lọ sí etí òkè níbi tí gbogbo ìlú ti tẹ́ sílẹ̀, ààfin sì hàn kedere láàárín rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọwọ́ yín o. Àwọn ọ̀bọ orí òkè yẹn kì í tọrọ, gbígbà ni wọ́n ń gbà.

Ìmọ̀ràn tí mo kà sí pàtàkì jù lórí òkè yìí nìyí: ẹ fi bọ́ọ̀sì gòkè, kí ẹ fi ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Àtẹ̀gùn òkúta tó jẹ́ 1,008 wà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọba Dodda Devaraja ló ṣe é ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Àwọn olùfọkànsìn máa ń fi àtíkè pupa àti yẹ́lò sàmì sí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń gòkè láti san ẹ̀jẹ́, ẹ má tẹ àwọ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ ó já sí ọ̀dọ̀ Nandi, akọ màlúù tí wọ́n gbẹ́ láti ara òkúta kan ṣoṣo. Ó ga tó mítà márùn-ún, gígùn rẹ̀ ju mítà méje lọ, agogo àti ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí i lọ́rùn ṣe wínníwínní débi pé ẹ ó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, kó má dán àtẹ̀gùn náà wò, ọ̀nà mọ́tò dé ọ̀dọ̀ Nandi.

4. Ẹ jẹun kí ẹ tó wọ ààfin

Kẹ̀kẹ́ wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹ ní kó gbé yín lọ sí Nazarbad, níbi tí àwọn ilé oúnjẹ kékeré tó ń ta dosa Mylari wà. Ìrẹsì àti ẹ̀wà urad ni wọ́n fi ń ṣe dosa, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó kan bí ògì ọjọ́ kẹta, wọ́n á wá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí irin gbígbóná. Èyí tí wọ́n ń pè ní masala dosa Mysuru ní ọbẹ̀ ata pupa tí wọ́n fi pa inú rẹ̀, ọ̀dùnkún sì wà nínú. Ata rẹ̀ kò ní já yín kulẹ̀. Ẹ fi kọfí wọn lé e, èyí tí wọ́n fi mílíìkì sè tí wọ́n ń bù wá nínú ife irin. Ẹran kò sí nínú àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí rárá, ẹ má sì fi ọwọ́ òsì jẹun, èèwọ̀ wọn jọ tiwa níbẹ̀.

Owó bébà ni kí ẹ mú dání. Fóònù ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń sanwó fún gbogbo nǹkan, àní fún ife tíì kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìsanwó náà kì í sábà bá báńkì àjèjì ṣiṣẹ́. Rúpíì wẹ́wẹ́ ló dáa jù, torí àìní ṣéńjì máa ń sọ oníkẹ̀kẹ́ di olówó.

5. Ààfin: ẹ fún un ní wákàtí méjì, ó kéré tán

Ẹnu ọ̀nà gúúsù ni àlejò ń gbà wọlé. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àjèjì yàtọ̀ sí ti ọmọ ilẹ̀ wọn, ó sì fi púpọ̀ ga jù ú lọ. Ẹ máa retí rẹ̀, kí ẹ má bàa dúró máa bá akọ̀wé jiyàn. Ẹ ó bọ́ bàtà níbí pẹ̀lú, ibi ìkóbàtàsí wà. Bí àwọn atọ́nà bá wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní kó fi káàdì ìjọba hàn yín, kí ẹ sì gbà fún iye tí ẹ máa san kó tó la ẹnu.

Ilé tí ẹ ń wò kì í ṣe àkọ́kọ́. Onígi ni ààfin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, iná sì jó o ní 1897 níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ọba obìnrin. Ọba kò tíì dàgbà nígbà náà, ìyá rẹ̀ ló ń dele dè é. Ìyá yìí ló ránṣẹ́ pe Henry Irwin, ayàwòrán ilé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kó kọ́ òmíràn, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1912. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí ọnà Híńdù, ti Mùsùlùmí àti ti Yúróòpù lára ògiri kan náà.

Ẹ má ṣe sáré nínú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Ó ní igun mẹ́jọ, òpó irin tí wọ́n rọ ní Glasgow ló gbé òrùlé dúró, gíláàsì aláràbarà tó ya ẹyẹ ọ̀kín sì bo gbogbo òkè. Ẹ gbójú sókè, lẹ́yìn náà ẹ wo ilẹ̀, bátánì ọ̀kín tún wà níbẹ̀. Yí ògiri ká ni àwòrán ìwọ́de Dasara ayé àtijọ́ tò sí, ọba lórí erin, àwọn ìjòyè, àwọn ẹlẹ́ṣin. Àwọn tó ya àwòrán náà fi ojú èèyàn gidi sínú rẹ̀, kì í ṣe èrò lásán. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbọ̀ngàn tí ọba ti ń jókòó gba àwọn ará ìlú wà, òpó rẹ̀ tò lọ súà, iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí pápá. Àga wúrà orí erin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn gíláàsì.

Ìtàn kan wà tí atọ́nà yóò sọ dandan. Ní 1610, Raja Wodeyar gba Srirangapatna lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀ ìjọba Vijayanagara. Wọ́n ní ó rán ọmọ ogun lọ gba ohun ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ Alamelamma, aya ajẹ́lẹ̀ náà. Obìnrin náà sá dé etí odò Kaveri, ó sì ṣẹ́ èpè kó tó bẹ́ sómi: kí ìlú Talakadu di iyanrìn, kí ìlú Malangi di ibú tó ń yí po, kí àwọn ọba Mysuru má rí ọmọ bí. Èmi kò ní máa ṣàlàyé èpè fún Yorùbá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iyanrìn bo àwọn ilé òrìṣà Talakadu lóòótọ́, àti pé léraléra ni ìdílé yìí ń gba ọmọ tọ́ kí ìtẹ́ má bàa ṣófo. Gbígbà ni wọ́n gba Yaduveer tó jẹ́ olórí ìdílé báyìí, wọ́n sì fi í joyè ní 2015. Ó bí ọmọkùnrin ní 2017, inú ìlú dùn jọjọ. Ní 2024 ó gbé àpótí ìbò, ó sì wọlé sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Delhi. Apá kan ààfin náà ṣì ni ilé ìdílé rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí ilẹ̀kùn tí ẹ̀ṣọ́ dúró tì, ẹ má ṣe yọjú.

6. Ọjà Devaraja, nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀

Láti ààfin, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ọjà náà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ó sì tóóró nínú. Àwọn aláwọ̀ kó àtíkè pupa, àlùkò àti búlúù jọ ṣónṣó ṣónṣó sínú abọ́, ẹ ó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ra nǹkan díẹ̀ tàbí kí ẹ tọrọ àyè. Ní ọ̀dọ̀ àwọn olódòdó, ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n fi ń wọn òdòdó jasmine tí wọ́n sín: láti orí ìka dé ìgúnpá jẹ́ ìwọ̀n kan. Ẹ yan obìnrin tí apá rẹ̀ gùn. Wọ́n ń ta ewé betel níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ Nanjangud tó dùn gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ fi òróró kan pa yín lọ́wọ́, tó ní igi sandalwood gidi ni, ẹ kí i, kí ẹ kọjá. Ojúlówó wọ́n gan-an, kì í ṣe owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Ẹ lọ sí Cauvery, ṣọ́ọ̀bù ìjọba tó wà ní ojú ọ̀nà Sayyaji Rao, fún òróró àti igi tí wọ́n gbẹ́. Ọṣẹ Mysore Sandal tí ilé iṣẹ́ ìjọba ti ń ṣe láti 1916 kò wọ́n jù fún àpò ẹnikẹ́ni, ó sì fúyẹ́ fún ẹni tó ní àwọn ẹbí púpọ̀ láti kó ẹ̀bùn fún.

Ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni Guru Sweet Mart wà. Àwọn àtọmọdọ́mọ Kakasura Madappa, alásè ààfin tí wọ́n ní ó kọ́kọ́ ṣe ìpanu dídùn Mysore pak, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà, ṣúgà àti bọ́tà yíyọ́ púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ègé kan tó fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà láti tọ́ wò, kò sì yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹlòmíràn á bi mí nípa ṣọ́ọ̀ṣì St. Philomena, ọgbà ẹranko àti ọgbà Brindavan. Ṣọ́ọ̀ṣì náà dára, kò sì jìnnà, bí ẹ bá rí wákàtí kan tó ṣẹ́ kù, ẹ yà síbẹ̀. Ọgbà ẹranko wà fún ẹni tó kó ọmọdé dání, kó má ṣáà lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n máa ń tì. Brindavan ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ó jìnnà sígboro, alẹ́ sì ni omi rẹ̀ tó ń jó sí orin ń ṣeré, ìgbà kan náà tí iná ààfin ń tàn.

7. Iná, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì

Ẹ padà sí ààfin ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ wá àyè nínú pápá tó kọjú sí iwájú ilé náà gan-an, kí ẹ má sún mọ́ ọn jù, torí ẹni tó bá sún mọ́ ọn kò ní rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọn kì í tàn án díẹ̀díẹ̀: bí aago méje bá ti lù, gbogbo rẹ̀ á là gbòò lẹ́ẹ̀kan náà, èrò á sì hó. Ẹ ya fọ́tò yín láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ wo ìyókù pẹ̀lú ojú. Ẹ di ọmọ yín mú, kí ẹ sì fi fóònù sí àpò iwájú.

Ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá pa iná. Ẹ jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, ẹ ó ti gba iwájú gbogbo ogunlọ́gọ̀ tó ń wá kẹ̀kẹ́. Gáréèjì KSRTC kò jìnnà sí ààfin, ẹsẹ̀ lè gbé yín débẹ̀, bọ́ọ̀sì Bengaluru sì ṣì máa ń wà nírú àkókò yẹn. Ẹ béèrè bóyá Satellite ló ń dúró sí tàbí Majestic, kí ẹ sì mú èyí tó sún mọ́ ilé yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ wọ ìlú ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ìgbà yẹn náà sì ni rélùwéè Metro ń palẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí owó takisí wà lápò.